Ta ló ni àṣẹ lórí àwọn ọdẹ àdúgbò wa?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ayálégbé ni mí ní Ayọ̀bọ́, l'Ékòó. Láti oṣù kejì ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ti gba ọkùnrin mẹ́ta tó ń ṣọ́ géètì lóru. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni agboolé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á ti géètì pa. Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò mi ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un, ọ̀rọ̀ di ariwo, ọ̀kan nínú wọn sì fọ́ ọ létí. Ẹlòmíì nínú wọn gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo lọ bá alága, ó ní ọdẹ kì í jẹ̀bi tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ sìkíọ́rítì kan náà wá sí ìpàdé wa, wọ́n ní ọdẹ tí kò níwèé àṣẹ lòdì sófin, pé àwọn ni ká gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń darí àwọn èèyàn yìí gan-an? Ṣé dandan sì ni kí n san owó ọdẹ?

*

Èsì kìíní

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi kí àbúrò yín. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní apá Ìpájà, kò sì sí ohun tó gbà wá lákòókò tó ọ̀rọ̀ ọdẹ. Iná, gọ́tà, kòtò ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ò tó o.

Alága yín ṣìnà. Ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́, tó ń sanwó fún un, tó sì ń rán an níṣẹ́, òun náà máa dáhùn tí onítọ̀hún bá ṣe èèyàn léṣe lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó gbá àbúrò yín létí ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́, àwọn tó gbé e sẹ́nu géètì náà ní tiwọn. Tí ẹgbẹ́ yín ò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Abala F òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, kò sí ohun tó ń jẹ́ "ẹgbẹ́" níwájú adájọ́. Alága, akápò àti akọ̀wé ni wọ́n máa pè lórúkọ. Ọjọ́ tí lọ́yà kan là á yé wa báyìí, mi ò sùn mọ́jú.

Ní ti ilé-iṣẹ́ tó wá sí ìpàdé yín, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ wọ́n fi ọjà wọn sí i. Òfin tó de iṣẹ́ náà ni òfin ilé-iṣẹ́ aláàbò aládàáni tí ìjọba ológun ṣe ní 1986, tó wà nínú ìwé òfin àpapọ̀ ti 2004 ní orí P30. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ máa ṣe iṣẹ́ ìṣọ́, ìyíde kiri tàbí gbígbé owó fún àwọn èèyàn, àfi kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀, tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà pátápátá, tó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Àwọn Sífù Dìfẹ́ǹsì, NSCDC, ló ń yẹ ọ́fíìsì wọn àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wò, àwọn náà ló sì lè ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ tí kò níwèé pa. Òfin tó fún wọn lágbára yẹn jáde ní 2003, wọ́n sì tún un ṣe ní 2007.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ náà hàn yín, kí ẹ wo déètì tó máa parí, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Sífù Dìfẹ́ǹsì tó wà nítòsí yín. Rìsíìtì kánsù kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ìwé CAC nìkan náà kọ́.

*

Èsì kejì, sí àwọn tó ní "ọdẹ ò nílò ìwé, láyé bàbá wa ńkọ́?"

Èmi akọ̀wé Ìpájà náà ni. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó tó mẹ́fà tàbí méje tí ẹ sọ ohun kan náà. Ẹ ní ọdẹ ti wà kí ìjọba tó dé, pé àdúgbò ló ń yan ọdẹ rẹ̀, pé ìwé ni òyìnbó fi bà á jẹ́.

Mo mọ ọdẹ tí ẹ ń sọ. Ní Múṣin tí mo dàgbà sí, bàbá kan wà tó máa ń fi irin lu òpó iná ní wákàtí wákàtí. Tó bá di aago méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa lù ú. Tí a ò bá gbọ́, màmá mi á jí bàbá mi pé, "Baálé ilé, ọdẹ ò lu irin o." Ìlù yẹn gan-an ni àdúgbò fi ń mọ̀ bóyá ó jí tàbí ó sùn. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, òun náà mọ gbogbo ilé. Ó mọ ọmọ tó máa ń pẹ́ níta, ó sì máa ń sìn ín délé.

Ìyẹn kì í ṣe irú ọdẹ tí wọ́n gbà ní Ayọ̀bọ́ lóṣù kejì. Wọn ò mọ ìlú rẹ̀, wọn ò mọ ẹni tó dúró fún un. Alága ló rí i níbi kan, tàbí ọ̀gá kan ló kó wọn wá lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀gá yẹn sì ń gba díẹ̀ lórí olúkúlùkù. Bó bá ti rí báyìí, ọ̀gá yẹn ń ta iṣẹ́ ìṣọ́, òfin 1986 sì mú un, bó wọ yúnífọ́ọ̀mù bó wọ bùbá.

Bí mo ṣe lóye òfin náà, àwọn tó ń fi ìṣọ́ ṣòwò ló dojú kọ. Àdúgbò tó gba èèyàn méjì fúnra rẹ̀, tó ń san owó wọn tààrà, tó sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀. Àwọn kan níbí ò gbà. Wọ́n ní òfin ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo lò, DPO, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè wa, kò fìgbà kan béèrè ìwé àṣẹ kọ́ńpìnnì lọ́wọ́ wa. Ohun tó ń béèrè nígbà gbogbo ni orúkọ ọdẹ, fọ́tò, nọ́ńbà NIN àti onídùúró méjì. Ó tọ̀nà kó béèrè.

*

Èsì kẹta

Ẹnì kan béèrè ìdí tí mo fi ń le lórí orúkọ àti onídùúró. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ níbí lẹ́ẹ̀kan, torí kò rọrùn fún mi láti sọ.

Ẹ ó rántí oṣù kẹrin 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé. Ìròyìn gba Agége, Alímọ̀ṣọ́, Ìfakọ̀-Ìjàyè títí dé Ọ̀tà pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń bọ̀ wá jalè láti òpópónà dé òpópónà. Àwọn ọkùnrin jáde, wọ́n sun táyà, wọ́n gbé àdá àti igi. Èmi náà jáde. Òru mẹ́rin ni mo fi dúró ní ìkángun àdúgbò wa. A gba àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra láti ìta, a fún wọn ní oúnjẹ àti owó díẹ̀, a sì pè wọ́n ní fijilanté. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní òru kẹta, ọmọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Wọ́n pè é, ẹ̀rù bà á, ó sáré. Wọ́n lé e bá. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ìyá rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Kí n tó ti ìkángun kejì débẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lápá. Àdúgbò kejì sí tiwa ni ìyá rẹ̀ ń gbé, obìnrin kan tí mo máa ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó lù ú ti lọ. A ò mọ orúkọ wọn. Ilé-ìwòsàn ń béèrè owó, DPO ń béèrè àwọn tó ṣe é, àwa onílé sì ń wo ara wa lójú. A dá owó apá rẹ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò kí mi mọ́ títí tí mo fi kó kúrò níbẹ̀. Mi ò bá a wí.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú ẹni tó rí tó ń dá ọ̀ràn, ìyẹn ní abala 20. Abala 23 ní kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Èkó ní òfin tirẹ̀ tó ti wà ṣáájú ìyẹn, láti 2007. Kò sí èyí tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti lu èèyàn nínú méjèèjì. Kí ọdẹ fọ fèrè, kó pe nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá, kó di ẹni náà mú bí agbára rẹ̀ bá ká a. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

*

Èsì kẹrin, lórí ìbọn

Màá gé èyí kúrú. Òfin 1986 ní ilé-iṣẹ́ aláàbò aládàáni kankan ò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ fún yín pé àwọn máa gbé "ọmọ wa tó ní ìbọn" wá ń pa irọ́, tàbí kó jẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n tọrọ ló ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣakabùlà kì í ṣe ìbọn, ẹ jọ̀ọ́, ìbọn ni. Òfin ìbọn ti 1959 kó o mọ́ra, ó sì fẹ́ kí ẹni tó ni ín gba ìwé àṣẹ. Ìwé yẹn wà lórúkọ ẹni náà fún ìbọn kan pàtó. Àdúgbò ò lè rà á kí wọ́n máa yá a fún ọdẹ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní "ìbọn ẹgbẹ́".

Ọ̀gá tó béèrè, ẹ má lọ bá ọdẹ yẹn jà lórí ìbọn. Kí ẹ̀yin ayálégbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ lẹ́tà sí DPO, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

*

Èsì karùn-ún, sí ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń ṣe sìkíọ́rítì ní London, pé ẹ ò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà láìní káàdì SIA, ìwé àṣẹ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún oníṣẹ́ ìṣọ́, àti pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ bú yín pé ẹ ti gbàgbé ilé. Èmi ò sí lára wọn.

Ohun tó dára nínú tiyín ni pé òfin wọn ti 2001 gbé ìwé àṣẹ lé èèyàn lọ́rùn. Ọdún mẹ́ta ló ń lò, ẹ máa kẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ tó gbà á, wọ́n á yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀daràn wò, ẹnikẹ́ni sì lè wá nọ́ńbà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tiwa gbé e lé kọ́ńpìnnì lọ́rùn. Ọdẹ tí wọ́n lé kúrò ní kọ́ńpìnnì kan torí olè lè gba yúnífọ́ọ̀mù ní òmíràn lọ́sẹ̀ kejì, oníbàárà ò sì ní mọ̀. Tí wọ́n bá máa tún òfin wa ṣe, ibẹ̀ yẹn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ẹ rántí pé lọ́dọ̀ yín náà, ẹni tí ilé-iṣẹ́ gbà fúnra rẹ̀ láti ṣọ́ ẹrù rẹ̀, tí kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì tó ń ta ìṣọ́, kò nílò káàdì yẹn fún ìṣọ́ lásán. Ti ẹnu ọ̀nà ilé ọtí ló yàtọ̀. Kódà níbẹ̀, ìjọba fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó ń ta ìṣọ́ àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ nípa ọdẹ àdúgbò nìyẹn.

*

Èsì kẹfà: owó oṣù wọn

Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ìbọn, nípa géètì, nípa olè. Odindi ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó béèrè iye tí ọdẹ ń gbà.

Ní 2022, lẹ́yìn tí ìjà ti sú wa, a gba kọ́ńpìnnì kan tó níwèé àṣẹ. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́ta náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yúnífọ́ọ̀mù wọn dáa, bàtà wọn ń dán, wọ́n ń kí èèyàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lẹ́nu géètì. Àwọn onílé ní ká lé e. Mo pè é jókòó. Ó ní iṣẹ́ bíríkìlà lòun ń ṣe lọ́sàn-án, torí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń kàn òun nínú owó wa. Wákàtí méjìlá lóru, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Kò tíì rí ìwé kankan tó sọ ohun tí wọ́n gbà á fún, bẹ́ẹ̀ òfin iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé yẹn láàárín oṣù mẹ́ta.

Lákòókò yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ni owó oṣù tó kéré jù. Láti oṣù keje 2024, 70,000 náírà ni. Òfin owó oṣù yẹn yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àdúgbò tó gba ọdẹ mẹ́ta fi lè ní kò kan àwọn. Kọ́ńpìnnì tó ní ọgọ́rùn-ún ọdẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 náà kàn án, torí ó ti ju òṣìṣẹ́ 15 lọ. Bákan náà ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo wọn tó yẹ kó máa san lọ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kí ọdẹ tí olè bá ṣá lè rí ìtọ́jú gbà.

A kọ ọ́ sínú àdéhùn tuntun pé a máa rí ìwé ẹ̀rí owó oṣù wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kọ́ńpìnnì yẹn kọ̀, a sì pín yà. Èyí tó tẹ̀ lé e gbà. Owó tiwọn wọ́n jù, ìpàdé yẹn le gan-an, àmọ́ oorun dín kù lẹ́nu géètì.

Ẹnì kan kọ ọ́ níbí pé "ọdẹ tó ń sùn, olè ni." Ó dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àárẹ̀ ni.

*

Èsì keje

Ó yẹ ká padà sí ìbéèrè: géètì àti owó ọdẹ.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala 41, fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà. Òpópónà ìlú ni ẹ ń gbé, kì í ṣe inú ọgbà ẹnì kan. Ẹ lè ṣọ́ ọ, ẹ lè béèrè ibi tí àlejò ń lọ, àmọ́ pé kí ẹni tó ń gbébẹ̀ sun ìta torí ó dé ní aago mọ́kànlá, mi ò gbà á. Iṣẹ́ òru pọ̀ ní Èkó: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, oníbùrẹ́dì, ẹni tó ń ti Apápá bọ̀. Lọ́dún kejì mi, ìrọbí mú aya ayálégbé kan ní aago méjì òru, ọdẹ ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìkángun kejì. Ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí i. Ọlọ́run yọ wá, ọmọ náà ti wà nílé-ìwé báyìí. Ọjọ́ kejì la ṣe é lófin pé kọ́kọ́rọ́ méjì ló máa wà, pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu géètì, àti pé onílé tàbí ayálégbé tó bá dé, bó ti wù kó pẹ́ tó, orúkọ àti nọ́ńbà ilé nìkan ló máa sọ.

Ní ti owó, abala 40 ò jẹ́ kí wọ́n fipá mú yín wọ ẹgbẹ́. Àwọn kan ti dì mọ́ èyí, wọ́n ní àwọn ò ní san. Èmi ò sí lẹ́yìn wọn. Ẹ ń sùn, ẹnì kan ń jí, ẹ sì fẹ́ kí aládùúgbò nìkan san án. Ṣùgbọ́n mi ò sí lẹ́yìn alága tó ń ti géètì mọ́ ajigbèsè tàbí tó ń gé iná rẹ̀. A gbìyànjú ìyẹn ní ọdún àkọ́kọ́, ìjà nìkan la rí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìṣirò owó mọ́ ara géètì lóṣooṣù, iye tó wọlé, iye tí ọdẹ gbà, iye bátìrì tọ́ọ̀ṣì, àwọn tó le jù nínú àwọn tí kì í san ló kọ́kọ́ san. Onílé lè kọ owó ọdẹ sínú ìwé àdéhùn ilé kí ayálégbé tó wọlé, kí ìjà má baà dé lẹ́yìn náà.

*

Èsì kẹjọ

Mo rí i pé ẹ ti gbé Àmọ̀tẹ́kùn dé. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣí i ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní 2020, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ lé e. L'Ékòó, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, LNSC, ti wà ní òfin láti 2016. Wọn kì í gba owó ọdẹ, wọn kì í sì ṣe ti àdúgbò kan. Àǹfààní wọn fún yín ni pé ẹ lè mú orúkọ ọdẹ yín lọ bá wọn, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bá pàdé lóru, kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe.

*

Èsì kẹsàn-án

Ẹ ṣé tí ẹ padà wá. Ẹ ní ìpàdé yín wà ní Àìkú, pé alága ti tọrọ àforíjì lẹ́nu, pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, àti pé àwọn onílé kan ti fẹ́ lé ọdẹ yẹn lọ lóru òní.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e lóru. Tó bá lọ báyìí, ọdẹ mìíràn máa dé láìní orúkọ, bí tirẹ̀ náà. Kó wá sí ìpàdé, kó bẹ àbúrò yín lójú gbogbo èèyàn. Tí àbúrò yín bá fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró. Kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ tó gbé e kọ́ èjìká kí ó tó di wàhálà, kí ìwé yín sì ti wà lọ́dọ̀ DPO kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá máa gba kọ́ńpìnnì, kí ẹ rí ìwé àṣẹ wọn àti iye tó ń dé ọwọ́ ọdẹ. Tí ẹ bá máa gba tiyín fúnra yín, kí ẹ kọ ìwé iṣẹ́ fún wọn.

Kí ẹ tó sọ gbogbo ìyẹn, kí ẹ dìde ní ìpàdé, kí ẹ ní kí alága dárúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà fún àwọn èèyàn, orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Ní ọdún 2020, a ò lè dárúkọ ẹyọ kan.